Kókó Méjì àti Ilà Dúdú: Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Edith Mọ́ṣádé Odùnúgà (1927–1989)

Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni wọ́n bí Màmá Edith Mọ́ṣádé Odùnúgà sí, ní agboolé Òkúnowò, ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, ọdún 1927. Bàbá wọn ni olóògbé Simeon Òkúnowò, àgbẹ̀ olóbì, tí wọ́n lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì fún ọdún mọ́kànlélógún tí wọn kò pẹ́ lẹ́yìn rí, àfi ọjọ́ kan ṣoṣo tí paramọ́lẹ̀ dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Ìyá wọn ni olóògbé Ràmọ́tà, ọmọ Mùsùlùmí láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tí wọ́n bá ọkọ wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n sì tún ń gba ààwẹ̀ lọ́dọọdún láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí. Màmá ni ìkẹta, àwọn sì ni obìnrin àkọ́kọ́.

Gàrí yíyan ni iṣẹ́ ìyá Ràmọ́tà. A ní láti sọ bí wọ́n ṣe ń di ẹnu àpò gàrí wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ àpò náà yóò padà wá kí ìtàn yìí tó parí. Gàrí tó ti gba iná dáadáa, tó gbẹ, tó ń dún lẹ́nu, kókó méjì ni wọ́n ń ta sí okùn rẹ̀. Èyí tó ṣì rin, tó ń dúró de iná ẹlẹ́ẹ̀kejì, kókó kan ṣoṣo. Ìyá Ràmọ́tà kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ra gàrí rírin lọ́wọ́ wọn rí. Màmá ti mọ kókó náà í ta kí wọ́n tó mọ A, B, D.

Ní ọdún 1934 ni wọ́n fi Màmá sí ilé-ìwé ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣèrìbọmi, tí wọ́n gba orúkọ Edith. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà tán ní 1941. Tíṣà wọn fẹ́ kí wọ́n di tíṣà. Ohun tó gbé wọn lọ sí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì kì í ṣe àánú, gẹ́gẹ́ bí àwọn fúnra wọn ti máa ń sọ láìtijú, aṣọ ni. Wọ́n bá bàbá wọn lọ sí ilé ìgbòògùn kan ní Òdogbolu nítorí egbò ẹsẹ̀, wọ́n sì rí báńdéèjì tí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti fọ̀, tí wọ́n sá sórí okùn, funfun báláú, gbogbo rẹ̀ gùn dọ́gba. Màmá ní kò sí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àwọn tíì rí. Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní Abẹ́òkúta ní 1946, wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ní 1949, wọ́n sì gba ti agbẹ̀bí ní 1951.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá, ọdún 1952, ni wọ́n ṣègbéyàwó pẹ̀lú Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Odùnúgà, tíṣà, ọmọ Òdogbolu. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ. Ìjà kan ṣoṣo tí àwa ọmọ mọ̀ láàárín wọn ni ìjà bébà. Bàbá, tí wọ́n tún ń wàásù ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa kọ ìlà kan nínú ìwàásù wọn sórí bébà, bí ìlà náà kò bá tẹ́ wọn lọ́rùn, wọn a rún un mọ́wọ́, wọn a jù ú. Màmá a lọ he é, wọn a tẹ́ ẹ lórí itan, wọn a fi ẹ̀yìn rẹ̀ kọ ohun tí wọ́n fẹ́ rà lọ́jà. Nígbà tí Bàbá kú ní 1978, inú àpótí Màmá ni a ti rí ìdajì àwọn ìwàásù tí Bàbá rò pé àwọn ti jù nù. Wọn kò fẹ́ ọkọ mìíràn.

Ní 1961 ni Màmá dé Ilé Ìwòsàn Olùtùnú, lọ́nà Ìjagun, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n lò níbẹ̀. Ní 1975 ni wọ́n di alábòójútó yàrá ohun èlò. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ aṣọ iṣẹ́ abẹ, tí wọ́n ń dì í ní ẹrù-ẹrù, tí wọ́n sì ń kó o sínú ìkòkò irin ńlá kan tí oru gbígbóná inú rẹ̀ ń pa gbogbo kòkòrò àrùn. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní ọtokiléèfù. Màmá ń pè é ní ìkòkò.

Ọdún owó epo ni ọdún wọ̀nyẹn. Ohun tí wọ́n ń pè ní àlòsọnù ń ti òkè òkun dé: ìbọ̀wọ́ tí a ń wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, síríńjì oníke, aṣọ bébà tí a ń tẹ́ sára aláìsàn. Aṣọ òwú wọ àpótí lọ. Síríńjì onígíláàsì lọ sórí pẹpẹ òkè, aláǹtakùn sì gba ibẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí egbò kan bá gba ègé gọ́ọ̀sì méjì, aṣọ fẹ́lẹ́ tí a fi ń nu egbò, ẹrù ológún ni wọn yóò tú, wọn yóò sì da méjìdínlógún nù. Àwọn kan ń wọ ìbọ̀wọ́ gbé fáìlì. Nọ́ọ̀sì kan wà tó ń wọ̀ ọ́ jẹ ẹ̀pà. Màmá ń wò wọ́n, wọn kò sì wí nǹkan kan, nítorí pé kò sí ohun tó wọ́n.

Nígbà tó di 1982, nǹkan kò wọlé mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, odindi ọjọ́ mẹ́fà ni wọn kò fi lè ṣiṣẹ́ abẹ nílé ìwòsàn náà, nítorí àìsí ìbọ̀wọ́. Wọ́n dá obìnrin kan tí gẹ̀gẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ padà sí abúlé. Ní ọ̀sẹ̀ kan náà, kòtò tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé kún fún ìbọ̀wọ́ tí kò kan ẹ̀jẹ̀ rí. Màmá rí kòtò náà, wọ́n sì rí obìnrin náà bó ṣe ń jáde ní géètì. Wọ́n ní ọjọ́ yẹn ni inú àwọn bàjẹ́ débi pé àwọn kò lè dákẹ́ mọ́.

Nígbà tí ọdún yí, wọ́n bẹ Ràsákì, tó ń gbálẹ̀ tó sì ń sun ìdọ̀tí, pé kó má ṣe sun nǹkan kan fún ọ̀sẹ̀ kan. Wọ́n wọ épúrọ́ọ̀nù àti bàtà rọ́bà, wọ́n fi ẹ̀mú irin ṣa gbogbo rẹ̀. Èyí tó kan ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún, wọ́n ní kí Ràsákì sun ún lójú ẹsẹ̀. Ìyókù ni wọ́n tò sórí ẹní ní àgbàlá. Lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní, ọdún 1983, wọ́n ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá wo ohun kan. Òkìtì méjì ló wà níbẹ̀: èyí tí wọ́n tú tí wọn kò lò, àti èyí tí wọn kò tilẹ̀ tú. Ọ̀gbẹ́ni Albert, olùtọ́jú sítọ̀, ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, títí ó fi rí páálí báńdéèjì kan nínú òkìtì kejì, tí ìkọ̀wé ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọn lọ́kàn padà, díẹ̀díẹ̀. Wọ́n kó aṣọ òwú jáde nínú àpótí. Wọ́n sọ ẹrù gọ́ọ̀sì ológún di ẹlẹ́yọ márùn-ún, kí ẹni tó bá nílò méjì má baà ba méjìdínlógún jẹ́. Wọ́n ń fọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i láti wò ó bóyá ó lu, wọ́n ń sá a, wọ́n ń fi páúdà sí i. Wọ́n gbé síríńjì onígíláàsì sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì lé aláǹtakùn. Abẹ́rẹ́ àti abẹ fẹ́lẹ́ nìkan ni wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má tún lò. Bí wọ́n bá sì rí ohun tó dára nínú agbọ̀n ìdọ̀tí wọ́ọ̀dù kan, wọn kì í báni wí. Wọn a gbé e tọ ẹni tó jù ú lọ, wọn a fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i, wọn a ní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé ẹrù yín. Ìtìjú ohun kékeré yìí ṣe ju ìwàásù lọ. Àwọn ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì sọ wọ́n ní Ìyá Má-jù-ú-nù. Màmá ń dáhùn sí i.

Kí ọdún náà tó tán, ìdọ̀tí tí Ràsákì ń sun ti dín sí ìdajì, iṣẹ́ abẹ kò sì dúró mọ́. Dókítà Olúyọmí, ọ̀gá yàrá iṣẹ́ abẹ, yìn wọ́n níwájú gbogbo èèyàn. A kò ní purọ́ fún òkú: ìyìn náà wọ̀ wọ́n lára.

Téèpù kan wà tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù kọ̀ọ̀kan kó tó wọ ìkòkò. Funfun ló máa ń wà. Bí oru bá ti gbà á dáadáa, ilà dúdú a yọ lára rẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ lo ẹrù náà a mọ̀ pé kòkòrò àrùn ti kú nínú rẹ̀. Òkè òkun ni téèpù náà ti ń wá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì ń lò ó. Ní oṣù kọkànlá 1983, Màmá wò ó, wọ́n ní àlòsọnù ni èyí náà. Wọ́n rántí àpò gàrí ìyá wọn. Wọ́n pàṣẹ pé kókó kan ni kí wọ́n máa ta sí ẹrù tí kò tíì wọ ìkòkò, kí wọ́n sì ta kókó kejì lé e bó bá ti jáde. Dókítà Olúyọmí béèrè bóyá ó dájú. Màmá ní ó dá ìyá àwọn lójú fún ogójì ọdún.

Oṣù mẹ́fà ni kókó fi ṣiṣẹ́ láìsí àléébù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún 1984, òṣìṣẹ́ tó ń di ẹrù lọ sìnkú nílé, wọ́n sì mú ọ̀dọ́ nọ́ọ̀sì kan wá dípò rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Bọ́dúnrìn ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Òdogbolu. Wọ́n sọ fún un pé kókó ni wọ́n fi ń mọ ẹrù. Kò béèrè pé kókó mélòó, nítorí pé ọmọ onígàrí ni òun náà. Ní ilé ìyá tirẹ̀, kókó kan ni ti èyí tó ti jinná. Kókó méjì túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má tíì fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, ó ta kókó méjì sí gbogbo ẹrù tí kò tíì wọ ìkòkò, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gbé e. Àwọn ará yàrá iṣẹ́ abẹ dé, wọ́n rí kókó méjì, wọ́n sì gbé e.

Aṣọ inú ẹrù náà ni wọ́n fi bo Fàtímọ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún, nígbà tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀ jáde. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni Fàtímọ̀, aya Gbàdàmọ́sí tó ń ta abọ́ ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọmọ náà, obìnrin, wà láàyè, ó sì ń ké dáadáa. Ní ọjọ́ kẹrin, ojú egbò ìyá rẹ̀ wú, ibà dé, ọyún sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn wò. Màmá padà sí yàrá ohun èlò, wọ́n tú àwọn ẹrù kókó méjì tó ṣẹ́ kù lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó ti gba oru máa ń le díẹ̀ lọ́wọ́. Àwọn wọ̀nyí rọ̀, wọ́n sì ń run ọṣẹ. Màmá pe Bọ́dúnrìn, wọ́n ní kó ta kókó fún àwọn bó ṣe ń ta á. Ọmọbìnrin náà ta á, ó ṣàlàyé, ó sì rí ojú Màmá. Ìgbà yẹn ni òun náà mọ̀.

Kí ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn tó jókòó, Màmá ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì Fàtímọ̀, wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún òun àti ọkọ rẹ̀, láìfi ohunkóhun pamọ́. Gbàdàmọ́sí dìde, ó jáde, kò sì kí Màmá fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Fàtímọ̀ fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

Ìgbìmọ̀ jókòó ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù karùn-ún. Kí wọ́n tó jókòó rárá ni wọ́n ti tẹ lẹ́tà ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ fún Bọ́dúnrìn. Ó kù kí wọ́n fọwọ́ sí i. Ohun tó wà níwájú Màmá kò ṣòro láti rí. Bí wọ́n bá dákẹ́, ọmọ náà yóò lọ, yàrá yóò dúró sí ọwọ́ wọn, iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe láti ọdún tó kọjá yóò sì máa bá a lọ. Bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀ lè bàjẹ́. Màmá dìde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ wà nínú àkọsílẹ̀ ìpàdé, Dókítà Olúyọmí ló sì fún wa ní ẹ̀dà rẹ̀.

"Ọmọ yìí ta kókó bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, èmi náà ta á bí ìyá mi ṣe kọ́ mi. Ilà dúdú kò ní ìyá, bákan náà ló rí lójú gbogbo èèyàn. Èmi ni mo yọ ẹlẹ́rìí kúrò lára ẹrù. Ẹ kọ lẹ́tà yẹn sí orúkọ mi."

Wọn kò lé Bọ́dúnrìn. Wọ́n gba yàrá ohun èlò lọ́wọ́ Màmá, wọ́n sì dá wọn padà sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin bíi nọ́ọ̀sì lásán, ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Lẹ́tà náà wà nínú Bíbélì wọn títí di òní. Èyí tó dùn wọ́n ju lẹ́tà lọ ni pé láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, gbogbo wọ́ọ̀dù ti padà sí ohun tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Albert kó aṣọ òwú padà sínú àpótí. Ẹni tó bá fẹ́ da odindi ẹrù gọ́ọ̀sì nù, orúkọ Fàtímọ̀ ló ń fi gbèjà ara rẹ̀. Àṣìṣe kan ti di àwíjàre fún gbogbo ìlòkulò.

Ṣùgbọ́n inú wọ́ọ̀dù tí wọ́n fi jẹ Màmá níyà náà ni Fàtímọ̀ wà. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni Màmá fi wẹ egbò náà, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, wọn kì í sì jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣe é. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, ibà náà ga débi pé wọ́n ránṣẹ́ pe ẹbí láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Màmá kò lọ jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Wọ́n sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ẹ̀rù tó ba àwọn lọ́jọ́ náà kò bà wọ́n rí, kódà nígbà tí Bàbá ń kú lọ, nítorí pé kì í ṣe àwọn ló pa Bàbá. Lọ́jọ́ kejì, ibà náà sọ̀kalẹ̀. Gbàdàmọ́sí kí Màmá lówùúrọ̀ ọjọ́ kẹta.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà ni Fàtímọ̀ ń lọ sílé. Ó ti gbé ọmọ pọ̀n, ẹrù ti wà lórí ọkọ̀. Ó yíjú sí Màmá, ó sì béèrè ohun kan ṣoṣo.

"Sísítà, aṣọ tí wọ́n fi bò mí lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ ti jù ú nù?"

Màmá ní rárá; wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ti wọ ìkòkò, téèpù sì wà lára rẹ̀ báyìí.

"Ẹ má jù ú. Aṣọ ò ṣẹ̀ mí."

Màmá kò sunkún nígbà tí ìgbìmọ̀ gba ipò lọ́wọ́ wọn. Wọ́n sunkún lọ́jọ́ yẹn, ní gbangba, Ràsákì ló sì bá wọn mú àga wá. Wọ́n rán òwú pupa sí etí aṣọ náà kó má baà sọnù láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Fàtímọ̀ rìn kiri ilé ìwòsàn. Ó ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti máa fi orúkọ rẹ̀ da gọ́ọ̀sì nù mọ́, nígbà tí òun alára ti ní kí wọ́n má ju aṣọ. Ní oṣù kejì 1985, Dókítà Olúyọmí dá yàrá ohun èlò padà fún Màmá. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé pátákó kan kọ́ sára ògiri, wọ́n pín in sí méjì. Apá kan ni ohun tí a lè fọ̀ kí a tún lò. Apá kejì ni ohun tí a kò gbọ́dọ̀ dín kù láé. Orí apá kejì, ṣáájú abẹ́rẹ́, ṣáájú abẹ, ni wọ́n kọ téèpù sí. Wọ́n sì kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé: "Èmi ni mo ṣe àṣìṣe yìí, oṣù karùn-ún 1984. E. M. Odùnúgà." Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀ sẹ́nu kòtò náà kò pọ̀.

Pátákó náà ṣe ohun tí òkìtì orí ẹní kò lè ṣe. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ń bẹ̀rù pé wọn yóò dá wọn lẹ́bi bẹ̀rẹ̀ sí í wá béèrè ohun tí kò yé wọn, kí wọ́n tó ṣe é. Nígbà tí ọ̀wọ́n gógó ọdún 1986 dé, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ń rán aláìsàn lọ ra ìbọ̀wọ́ wá, Olùtùnú kò rán ẹnikẹ́ni. Àwọn nọ́ọ̀sì wá wo pátákó náà láti Òdogbolu àti Ìjẹ̀bú-Igbó, àwọn kan tilẹ̀ dà á kọ pẹ̀lú orúkọ Màmá lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ó jẹ́ ara òfin. Màmá fẹ̀yìn tì ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá, ọdún 1987. Bọ́dúnrìn ni wọ́n fi yàrá náà lé lọ́wọ́. Ilé ìwòsàn fún wọn ní aago ògiri. Màmá dúpẹ́, wọ́n sì ní bí kò bá ní bí wọ́n nínú, aṣọ olówùú pupa nì ni àwọn yóò fẹ́, nítorí pé wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì yẹ fún iṣẹ́ abẹ mọ́.

Ní ti ìgbàgbọ́, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Màmá títí dé ojú ikú. Wọ́n jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Òdogbolu fún ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀yìn ìwé ìpè ìgbéyàwó ni wọ́n sì fi ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé. Lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, wọ́n ń lọ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ lọ́jọ́bọ̀-lọ́jọ́bọ̀ láti kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń se aṣọ àti okùn tí wọ́n fi ń di ìwọ́ ọmọ. Ní gbogbo ọdún Iléyá, Fàtímọ̀ àti ọmọ rẹ̀ ń gbé ẹran wá. Màmá kì í jẹ ẹran púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń jẹ ti ọjọ́ yẹn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún yìí ni ẹ̀jẹ̀ ríru dá wọn dùbúlẹ̀. Wọ́n gbé wọn lọ sí Olùtùnú. Ní ọjọ́ méjì kí wọ́n tó kú, nọ́ọ̀sì kan tú ẹrù gọ́ọ̀sì méjì níwájú wọn. Màmá, tí ọ̀rọ̀ ti ń ṣòro lẹ́nu wọn, gbé ìka kan sókè. Nọ́ọ̀sì náà rò pé ọ̀run ni wọ́n ń tọ́ka sí. Bọ́dúnrìn ló sọ fún un pé ẹyọ kan ni wọ́n ní ó tó. Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù kẹsàn-án, ọdún 1989, ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta.

Àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ sáyé ni: Ọ̀gbẹ́ni Gilbert Odùnúgà, Arábìnrin Susannah Odùnúgà, Ọ̀gbẹ́ni Olúṣẹ́gun Odùnúgà, àwọn ọmọ, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, àti àbúrò wọn kan, Màmá Rose Òkúnowò, ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Ẹbí rọ ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn pé kí ẹni méjì-méjì jọ máa wo ìwé kan yìí; a kò tẹ púpọ̀, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Abọ́ tánńganran ni a ó fi gbé oúnjẹ fún yín. A ó fọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e lọ sílé.

Ó ku ohun kan. Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ikú Màmá, a ṣí àpótí wọn. Aṣọ olówùú pupa wà lórí ohun gbogbo, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti dì í, kókó méjì sì wà lára okùn rẹ̀. Wọ́n lẹ téèpù kan mọ́ ọn, kò gùn ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ. Ilà dúdú ti yọ lára rẹ̀. Ìwé kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn ìwàásù Bàbá: "Ẹ fi èyí bò mí." Bọ́dúnrìn jẹ́wọ́ pé láti oṣù kìíní ni Màmá ti gbé e wá, tí wọ́n sì dúró ti ìkòkò títí ó fi jáde. Susannah ti ra léèsì funfun sílẹ̀. Ó bínú díẹ̀, ó ní a kò lè fi aṣọ tí wọ́n lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta sin ìyá òun. Lẹ́yìn náà ló jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Màmá, ó gbé ẹrù náà lé ẹsẹ̀, ó sì ní kí a ránṣẹ́ sí Ìjẹ̀bú-Igbó.

Fàtímọ̀ dé lánàá òde yìí pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún. A bẹ̀ ẹ́ pé òun ni kó tú ẹrù náà ní òwúrọ̀ ìsìnkú, kó sì fi bo Màmá lórí léèsì. Ó gbà. Nígbà tí ẹ bá ń ka ìwé yìí, yóò ti gbé ẹrù náà sínú ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, yóò ti wo ilà dúdú náà dáadáa, gẹ́gẹ́ bí Màmá ṣe kọ́ gbogbo èèyàn, lẹ́yìn náà ni yóò tú kókó kìíní, àti ìkejì.

Màmá, a kò ju nǹkan kan nù nínú ohun tí ẹ fi kọ́ wa. Iṣẹ́ ti parí, ẹlẹ́rìí sì wà lára ẹrù. Ẹ sùn re o.